Ọ̀rọ̀ Aṣọ Ẹgbẹ́ Wa: Ẹ̀kọ́ Tí Ọmọ Wa Kọ́ Wa

   

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi wá léèrè pé aṣọ ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ẹgbẹ́ wa dà? Ẹ ti san owó, ẹ ò rí aṣọ. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ti fi owó náà jẹ ìrẹsì. Rárá o! Owó wà ní báńkì, kò dín kọ́bọ̀. Ohun tó dá aṣọ dúró ni pé ọmọ wa obìnrin kan, tó ń kọ́ iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní design ní yunifásítì kan ní London níbí, sọ fún wa pé aṣọ tí a fẹ́ lọ tẹ̀ yẹn kò tíì jẹ́ aṣọ. Kò bú wa, kò rí wa fín. Ó kàn ní ká wá sí ilé ẹ̀kọ́ òun, ká wá fi ojú ara wa wò ó. A sì lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀ àti ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni a fẹ́ rò fún yín lónìí, nítorí pé ó kan gbogbo òbí tó bá ní ọmọ nílé, ó sì kan gbogbo ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń di pẹ́ńsù mú.

KÁ TÓ SỌ TI ỌMỌ, KÁ SỌ TI ÀWA ÀGBÀ

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ yìí fẹ́ wọ yunifásítì, ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé wa. Ó ní ọmọ òun ṣe dáadáa nínú ìdánwò, ó lè ka ìwé fámásì, ó lè ka ìwé lọ́ọ̀yà, ṣùgbọ́n ó ní àwòrán yíyà àti aṣọ títẹ̀ lòun fẹ́ kọ́. Bí obìnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ òru ló fi tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á mọ́ kó tó wọlé, á wá fi ọ̀sán sùn.

Kí ni àwa ṣe? A pe ọmọ, a fi í sí àárín, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí lọ́tùn-ún lósì. A ní, "Ṣé torí àwòrán ni ìyá rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ òru?" A ní, "Ta lo mọ̀ tó ń fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì jẹun nílùú òyìnbó?" Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá wù kó yàwòrán, kó máa yà á ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn tó bá ti fọ aṣọ tán. A rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀, kò fèsì. Nígbà tí a sọ tán, ó ní, "Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà. Mo gbọ́." Ó sì lọ ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

A kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ló yẹ kó jẹ́wọ́. Ká ní a rántí ìtàn lọ́jọ́ náà ni, ẹnu wa ì bá tí mú tó bẹ́ẹ̀. Shade Thomas-Fahm wá sí London yìí kan náà ní àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì bá wá. Ó fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó padà sí Èkó, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi aṣọ òkè àti àdìrẹ rán aṣọ ìgbàlódé ní àsìkò tó jẹ́ pé aṣọ òyìnbó ni àwọn ọlọ́lá ń lé kiri. Gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí èèyàn kàn máa ń gbé lérí bíi fìlà, wà lára àrà tó dá. Nígbà tí Victoria and Albert Museum ní London ṣe ìpàtẹ ńlá lórí aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà láti 2022 sí 2023, iṣẹ́ ìyá yìí wà níbẹ̀. Duro Olowu ńkọ́? Ìwé òfin ló kọ́kọ́ kà. Aṣọ ló wá sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, tó fi gba ẹ̀bùn fún ẹni tuntun tó mọ iṣẹ́ aṣọ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005. Nítorí náà kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò sí. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n.

AṢỌ TÍ A RÍ GBÀ LỌ́FẸ̀Ẹ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ aṣọ ayẹyẹ délẹ̀, ìgbìmọ̀ fẹ́ àdìrẹ tó máa jẹ́ ti ẹgbẹ́ nìkan, tí a kò ní í bá lára ẹlòmíràn lójú ọjà. A bi àwọn tó ń yà á léèrè iye tí wọ́n ń gbà, ojú wa ranko. Ni ọ̀kan nínú wa bá ní, "Kí la fẹ́ fi owó yẹn ṣe? Kọ̀ǹpútà tó ń fi ọ̀rọ̀ yàwòrán ti dé." Ẹ̀yin náà á ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ yín. Láti 2022 ló ti gbòde: èèyàn á kọ ohun tó fẹ́, kọ̀ǹpútà á sì yà á. A kọ ọ́ pé a fẹ́ àdìrẹ Yorùbá, aláró dúdú, tó ní ẹyẹ àti òpó ààfin nínú. Kí a tó ṣẹ́jú, àwòrán mẹ́rin ti jáde. Ẹ ò rí i bí inú wa ti dùn! Ó dán, ó jinlẹ̀, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

A wá rántí ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ náà. A fi àwòrán ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé kó bá wa tún etí rẹ̀ ṣe díẹ̀ kí a lè gbé e lọ fún àwọn atẹ̀ṣọ. Ọjọ́ kejì ló tó fèsì. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, sà. Ẹ má bínú sí mi, mi ò lè tún èyí ṣe, torí mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá rí mi? Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú mọ́mì mi dání."

NÍNÚ YÀRÁ IṢẸ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la lọ, àwa mẹ́ta àti ìyá rẹ̀. Ọdún kẹta ọmọ rèé ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ìyá kò dé ibẹ̀ rí. Yàrá ńlá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, tábìlì gígùn-gígùn ló wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ike aró wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a ti wọlé ni òórùn aró gbà wá nímú. Ìyá náà dúró gbọn-in, ó ní, "Òórùn kí nìyí? Mo mọ òórùn yìí." Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa. Ìgbà tó na ọwọ́ láti gba àpò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ la rí i pé ọwọ́ náà dúdú títí dé ọrùn ọwọ́.

Ó tẹ́ ohun méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan ni àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà fún wa, tó ti tẹ̀ sórí bébà gígùn. Èkejì ni ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tó ti gbó. Ìyá rẹ̀ kígbe, "Ibo lo ti rí èyí? Àpótí mi lo tú!" Ìró náà, ti ìyá ìyá rẹ̀ ni, tó kó wá láti Ìbàdàn nígbà tó ń bọ̀ ní London, tó sì ti tẹ̀ sábẹ́ àpótí láti ọjọ́ náà.

Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí lára aṣọ yìí?"

Ìyá kò tilẹ̀ rò ó. Ó na ìka sí i. "Òpó Màpó nìyí. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wà láàárín òpó, ṣíbí ni." Bẹ́ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì lè dá a dúró mọ́. Ó sọ bí òun ti máa ń pọnmi sí ìkòkò aró ìyá àgbà, bí wọ́n ti máa ń lé òun pé kí òun má tẹ ọwọ́ bọ inú rẹ̀, bí ìyá àgbà ti máa ń jókòó sórí àpótí kékeré tí yóò máa fi ìyẹ́ adìẹ yàwòrán láìwo ìwé kankan.

Ọmọ náà tún na ọwọ́ sí bébà kejì. "Èyí ńkọ́?"

A wò ó, a tún un wò. Ẹyẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan ní apá mẹ́ta. Òpó wà, kò dúró lórí ohunkóhun. Ibì kan dà bí ìwé kíkọ, nígbà tí a sún mọ́ ọn, kì í ṣe lẹ́tà kankan tí ẹ̀dá ń kọ. Kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ náà wá rọra sọ pé, "Ẹ rí i, sà, ó dà bí ẹni tó ń ṣe ohùn Yorùbá lẹ́nu tí kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Téèyàn bá gbọ́ ọ láti ọ̀ọ́kán, á rò pé Yorùbá ni."

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí, ẹ gbọ́. Wọ́n á se láfún títí yóò fi di ẹ̀kọ. Wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ mú ẹ̀kọ náà, wọ́n á fi yàwòrán sí ojú kan aṣọ funfun, wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́, títí yóò fi dúdú bó ti yẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í ráyè wọ̀ ọ́ dáadáa. Tí wọ́n bá wá ha ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán á yọ. Aró ayé àtijọ́, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá, kí wọ́n tó fi omi eérú pò ó nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yà mìíràn tún wà: oníko ni èyí tí wọ́n ń fi ìko dì, alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Àrà ni gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ló ń ṣe é, orí ló ń darí ọwọ́.

TUNTUN NI ÀṢÀ, LỌ́JỌ́ TÍ WỌ́N DÁ A

Ohun tí ọmọ yìí sọ tẹ̀lé e ló yí ọkàn wa padà. Ó ní àwa òbí máa ń sọ̀rọ̀ àdìrẹ bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti sọ̀ kalẹ̀, pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ó ní ká wo Ìbàdàndùn dáadáa. Gbọ̀ngàn Màpó tí òpó rẹ̀ wà lára aṣọ yẹn, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i. Ilé tuntun ni nígbà náà, kò sí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ìyá aláró wò ó, ó wù wọ́n, wọ́n fi sára aṣọ. Nígbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aláró tún gbé àwòrán ọba àti ayaba rẹ̀ sórí àdìrẹ, èyí tí a mọ̀ sí Olóba.

"Ẹ rò ó wò," ọmọ náà ní. "Wọn ò lọ sí yunifásítì kankan. Wọ́n wo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú wọn, wọ́n mọ ẹni tó máa ra aṣọ, wọ́n mọ ohun tí yóò dùn mọ́ ọn, wọ́n sì mọ ohun tí ẹ̀kọ àti aró lè ṣe àti èyí tí wọn ò lè ṣe. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa níbí gan-an nìyẹn. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní àṣà yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n dá a, tuntun ni."

Ó ní Yorùbá ti ní orúkọ fún iṣẹ́ òun tipẹ́. Àrà ni. Ẹni tó ń dá àrà kì í kàn ṣe ohun tó rẹwà. Ó gbọ́dọ̀ wá ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀, tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì dá mọ̀.

ṢÉ Ọ̀TÁ NI KỌ̀ǸPÚTÀ?

A bi í pé ṣé ká sọ kọ̀ǹpútà nù nígbà náà? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó mú wa lọ síbi kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó fi hàn wá bí òun ti ń fi í gbìyànjú ogún ọ̀nà tí òpó kan lè gbà dúró kí òun tó kan aṣọ, kí òun má baà fi aró ṣòfò. Ó ní irin iṣẹ́ ni, bí ìyẹ́ adìẹ ti jẹ́ irin iṣẹ́.

Ó wá rán wa létí pé irin iṣẹ́ tuntun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé. Àwọn ọkùnrin ti fìgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwòrán sára páànù, tí wọ́n á tẹ́ páànù náà lé aṣọ, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ pa á lórí. Ó yá ju ìyẹ́ adìẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni sódà àti aró òyìnbó dé sí Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, sódà á jẹ aṣọ rẹ̀, aró á máa ṣí, oníbàárà á sì bínú. Ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi òfin de sódà àti aró òyìnbó ní àwọn ọdún 1930, tí àwọn obìnrin aláró kan sì takò ó pé ọjà àwọn ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́. Ibo ló wá já sí? Títí dòní, púpọ̀ nínú àdìrẹ tí wọ́n ń ṣe ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, sódà àti aró òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe é. Irin iṣẹ́ náà dúró. Àmọ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n ló fi í jẹun.

Ẹ má rò pé ọmọ yìí ò bẹ̀rù o. A bi í ní tààrà pé kí ló rí níwájú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí àwọn tó ṣáájú mi fi bẹ̀rẹ̀, àmì ṣọ́ọ̀bù, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìpolówó, òun ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń gbà. Tí n ò bá rí ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa dàgbà nínú iṣẹ́?" Ó ní ohun kejì tó ń dun òun ni pé inú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn ni kọ̀ǹpútà ti kọ́ ohun tó mọ̀. Wọ́n kó àwòrán àìmọye, ti alààyè àti ti òkú, wọn ò sì bi ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 2023, àwọn ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́. Àwọn aláàdìrẹ tiwa ti mọ irú oró bẹ́ẹ̀ tipẹ́, nítorí pé ọdún ti pọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ṣáínà ti ń tẹ àwòrán àdìrẹ sórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ń kó o wá sí ọjà Nàìjíríà.

"Àmọ́ ohun kan fi mí lọ́kàn balẹ̀," ó ní. "Tí gbogbo ayé bá lè rí àwòrán gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán lásán ò ní í níye lórí mọ́. Ohun tó máa níye lórí ni kéèyàn mọ ohun tó fẹ́ sọ, kó sì mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Kọ̀ǹpútà ò bá mọ́mì mi pọnmi sí ìkòkò aró. Ohun tí ò sí ẹni tó sọ fún un, kò lè mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ mú wọn wá."

Ìyá náà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé iṣẹ́ ìyá ìyá mi lo fẹ́ lọ kọ́?"

"Mo sọ fún yín, mà. Ó rẹ̀ yín lọ́jọ́ náà ni."

Àwa mẹ́ta yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a lọ ń wo fèrèsé bí ẹni pé ohun kan wà níta. Nígbà tí a padà, ìyá ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀kọ tó wà nínú abọ́ yẹn ṣàn jù, pé ìyá àgbà kì í se é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀YIN ỌMỌ WA, Ẹ WO YINKA ILORI

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ tí wọ́n bí sí London kò lè fi Yorùbá dá àrà, ẹ ní kó lọ wo iṣẹ́ Yinka Ilori. London ni wọ́n ti bí i ní 1987, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ àga àti ohun èlò ilé ló kọ́ ní yunifásítì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àga ògbólógbòó tí àwọn èèyàn ti jù nù, ó ń tún un kàn, ó ń kùn ún ní àwọ̀ tó pọ́n yòò, ó sì ń fi òwe àti ìtàn tó gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2019, òun àti àwọn ayàwòrán ilé kan gbé ilé aláwọ̀ mèremère kan, tí wọ́n pè ní The Colour Palace, dúró sí ọgbà Dulwich Picture Gallery, tí kò jìnnà sí Peckham. Ọjà Balógun ní Èkó ló wò kó tó dá àwọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mọ́mì àti dádì nílé, tí ẹ máa ń rò pé àwọn àgbà kàn ń tẹ́nu lé ni, òun ló sọ di iṣẹ́.

OHUN TÍ A MÚ BỌ̀

A ti fi àwòrán ọ̀fẹ́ yẹn sílẹ̀. A bẹ ọmọ wa pé kó bá wa ya aṣọ ẹgbẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní í dá a yà. Ó ní àwọn ìyá aláró wo ìlú wọn kí wọ́n tó yàwòrán, òun náà fẹ́ wo ìlú tiwa. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ohun kan wá, ohun tó ń jẹ́ kí ilé yín jẹ́ ilé Yorùbá ní ilẹ̀ yìí. Ó lè jẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹ gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Ó lè jẹ́ àpò onílà búlúù àti pupa tí a fi ń di ẹrù. Ó lè jẹ́ káàdì tẹlifóònù tí a máa ń ha láyé ọjọ́un kí a tó lè pe ilé. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tí mọ́mì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ òru. Nínú wọn ni yóò ti mú èyí tí yóò bọ́ sára aṣọ.

Ohun méjì la fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́, a ó san owó iṣẹ́ fún ọmọ yìí bí a ti ń san fún ẹni tó ń se ìrẹsì àti ẹni tó ń lùlù níbi ayẹyẹ wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti máa ń pe àwọn ọmọ wa sí iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí a ó sì fi àdúrà nìkan sanwó. Àdúrà dára, kò sì san owó ilé. Inú owó tí ẹ ti dá sílẹ̀ ni yóò ti jáde, a kò ní í bu owó kún un. Èkejì, aṣọ yóò pẹ́. Kò ní í bá àpèjọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ́, ó di ti ìparí ọdún. A mọ̀ pé àwọn kan á bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ bi ara yín pé èwo ló sàn nínú aṣọ tó yá tí kò sọ nǹkan kan, àti èyí tí ọmọ yín yóò ṣí nínú àpótí ní àádọ́ta ọdún sí i tí yóò sì na ìka sí i pé, "Èyí ni bọ́ọ̀sì tí màmá àgbà máa ń wọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ mú bébà kan àti pẹ́ńsù dúdú. Ẹ bi mọ́mì, dádì tàbí màmá àgbà léèrè ohun kan nínú ilé tó ní ìtàn. Ẹ gbọ́ ìtàn náà tán kí ẹ tó ya ohun náà, kí ẹ sì kọ ìlà méjì ní Yorùbá sábẹ́ rẹ̀. Tí Yorùbá yín bá mẹ́hẹ, ẹ má dààmú, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìpàdé, ẹ fún akọ̀wé.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, tí ọmọ yín bá wá bá yín pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má ṣe bí àwa ti ṣe. Ẹ bi í ní ìbéèrè. Ẹ bá a dé ibi iṣẹ́ náà kí ẹ tó dájọ́. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ìyá ìyá yín ló fẹ́ bá yín gbé dìde. Àwa náà tí a pe ọmọ yìí sí àárín lọ́jọ́sí, a ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà, ẹ̀yin ni àgbà mi." Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa, kó fún wọn ní iṣẹ́ tí yóò yẹ wọ́n, kó sì jẹ́ kí ojú wa rí ọjọ́ tí a ó wọ aṣọ náà. Ó dìgbà ìpàdé o. Ẹ má gbàgbé bébà àti pẹ́ńsù.